Ṣé Lóòótọ́ ni pé Ẹni Tó Lẹrú Ló Lẹrù?

Àwọn àgbà ló sọ pé ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò fara sin. Bí ẹrú bá ru ẹrù dé, a kì í bi ẹrú léèrè pé ta ló ni ohun tó wà lórí rẹ̀. Olówó rẹ̀ ló ni ín, ọ̀rọ̀ parí. Títí dòní la ṣì máa ń fi òwe yìí gé ẹjọ́ kúrú. Ẹni tó nilẹ̀ ló ni igi orí rẹ̀. Ẹni tó ni mọ́tò ló ni rédíò inú rẹ̀. Èmi tí mò ń kọ ewì, mo fẹ́ràn òwe náà nítorí bó ṣe dùn lẹ́nu: ẹrú, ẹrù, àmì ohùn kan péré ló là wọ́n láàrin. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti pààrọ̀ hard disk inú laptop mi ni èmi àti òwe yìí kò ti gbọ́ ara wa yé mọ́. Mo ní kí n gbé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé wa, àti gbogbo ẹni tí ìwé yìí bá bọ́ sí lọ́wọ́, kí ẹ bá wa dá sí i.

Ìbéèrè náà rèé: ẹni tó fi owó rẹ̀ ra kọ̀ǹpútà, ṣé òun náà ló ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀? Bó bá ní òun fẹ́ tà á, kí ni ohun náà gan-an tó ń tà? Ẹ má tíì dáhùn o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ.

Laptop tí mò ń lò, HP EliteBook ni, ti nǹkan bí ọdún 2011. Tòkunbọ̀ ni. Bó bá jẹ́ ọmọ èèyàn ni, ì bá ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Irú rẹ̀ kò wọ́n lọ́wọ́ àwa ọmọ Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ níbí, láti Mini Campus títí dé PS, nítorí pé owó tuntun kò sí lápò àwọn òbí wa. Kò ṣe mí níbi kan fún ọdún méjì. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí lọ́ra. Mo lè tàn án kí n lọ pọn omi, kí n padà dé, kí n sì bá a níbi tó ṣì ti ń yí bírí-bírí lójú kan. Lẹ́yìn náà ló wá ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ bí ìgbà tí àgbàlagbà méjì ń ta ayò. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gbọ́ ìró náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní hard disk rẹ̀ ló ń kú lọ, kí n tètè pààrọ̀ rẹ̀ kó tó gbé gbogbo nǹkan mi sọdá.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí inú rẹ̀ rí, hard disk àtijọ́ jẹ́ àwo pẹrẹsẹ tó ń yí. Èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ laptop ń yí ní ìgbà 5,400 láàrin ìṣẹ́jú kan. Apá tín-ín-rín kan wà tó ń rìn lókè àwo náà láìfọwọ́ kàn án, agbára òòfà ló sì fi ń kọ nǹkan sórí rẹ̀, tó tún fi ń kà á. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ IBM ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ jáde ní ọdún 1956, àwo 50 ló wà nínú rẹ̀, fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ínǹṣì 24, síbẹ̀ ohun tí gbogbo rẹ̀ lè gbà kò ju lẹ́tà mílíọ̀nù 5 lọ. Èyí tó wà nínú laptop mi kò tóbi tó bébà tí a ṣẹ́ sí méjì sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì, 320GB ló sì gbà, ìyẹn ìlọ́po 64,000 ti IBM yẹn. Ohun tí wọ́n ń lò rọ́pò rẹ̀ báyìí ni wọ́n ń pè ní SSD. Èyí kò ní àwo, kò ní apá, kò sí ohun kankan tó ń yí nínú rẹ̀. Ó jọ flash tí a ń kì bọ kọ̀ǹpútà, àfi pé ó yára jù ú lọ fíìfíì. Laptop tó ti darúgbó tí a bá fi SSD sí nínú, ẹ ó rò pé wọ́n ti bá a pààrọ̀ ọjọ́ orí ni.

Iṣẹ́ pípààrọ̀ yẹn gan-an kò le. A ó pa ẹ̀rọ náà, a ó yọ bátìrì rẹ̀, a ó tú síkúrù díẹ̀ nídìí rẹ̀, a ó rọra fa èyí àtijọ́ jáde, a ó ti tuntun bọ àyè kan náà, nítorí pé ìwọ̀n kan náà ni wọ́n, ẹnu wọn sì bára mu. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ohun tó ń gba àkókò ni dída ohun tó wà nínú àtijọ́ sínú tuntun. Ọ̀sán gbáko ló gbà lọ́dọ̀ ẹnjiníà tó bá mi ṣe é. Mo jókòó tì í, mò ń wo bí fáìlì ṣe ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èèyàn dáadáa ni ẹnjiníà yìí o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Nígbà tí a parí, tí laptop sì tàn wàì, ó mú hard disk àtijọ́ dání, ó ní:

“Àbúrò, fi èyí sílẹ̀ fún mi. Màá yọ 4,000 náírà kúrò nínú owó iṣẹ́.”

“Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ó ń kú lọ.”

“Kò tíì kú tán. Àwọn kan wà tó jẹ́ fíìmù nìkan ni wọ́n fẹ́ máa kó sí i, ó ṣì máa sìn wọ́n.”

“Nǹkan mi ṣì wà nínú ẹ̀.”

“Màá format ẹ̀. Ṣebí ìwọ náà lo ni nǹkan ọ̀hún? Ìwọ lo ni laptop, ìwọ lo ni hard disk, ìwọ lo ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ẹni tó lẹrú ló lẹrù jàre!”

Ibi tí òwe náà ti wọlé nìyẹn. Ẹ sì mọ ohun tí 4,000 náírà jẹ́ lápò akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó SSD. Oúnjẹ ọjọ́ mélòó kan ni. Ṣùgbọ́n mo ní kó fún mi láyè kí n rò ó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí ka ẹrù orí ẹrú náà lọ́kàn mi.

Ewì mi wà níbẹ̀. Èmi ni mo ni ín, bó bá wù mí kí n dà á sígbó. Àwòrán èmi nìkan wà níbẹ̀, ìyẹn náà kò kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí WAEC ọ̀rẹ́ mi kan wà níbẹ̀, èyí tó ní kí n bá òun tẹ̀ jáde lọ́jọ́ kan. Lẹ́tà tí ẹlòmíràn kọ sí mi nígbà tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ wà níbẹ̀. Àwòrán ìgbà tí gbogbo yàrá wa ń ṣeré lóru, tí kò sẹ́ni tó múra fún fọ́tò, wà níbẹ̀. Bí mo ṣe ń kà á ni mo ń rí i pé ìdajì ẹrù náà, orúkọ mi kọ́ ló wà lára rẹ̀.

Mo wá dé orí fóldà kan tí mo pè ní ORIN ARẸMỌ. Iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá mi, èyí tí gbogbo wa ń pè ní project, dá lórí àwọn orin tí àwọn ìyá àdúgbò wa fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Mo rìn fún un. Mo wá a ní Àgọ́-Ìwòyè níbí, mo dé Òrù, mo dé Àwà, mo dé Ìlápòrú, mo rìn títí dé Ìjẹ̀bú-Igbó. Fóònù ni mo fi ń gba ohùn wọn sílẹ̀, inú laptop ni mo sì ń kó o sí. Ní Òkè-Àgbò ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ìyá àgbà kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún jókòó tì mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó kọ orin mẹ́fà. Lẹ́yìn ẹ̀kẹfà, ó dákẹ́. Ó ní ọmọ kan wà tó jẹ́ pé òun gan-an ni orin yẹn ń bá wí. Ó wá sọ ìtàn ọmọ náà. Ìtàn náà gùn tó ìṣẹ́jú mọ́kànlá. N kò ní sọ ọ́ níbí. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó fi etí ìró nu ojú, ó wo fóònù tó wà lórí àpótí láàrin wa, ó ní:

“Ọmọ mi, orin ni kó o kọ sínú ìwé ẹ. Èyí tí mo sọ gbẹ̀yìn yìí kì í ṣe ti ìwé o.”

Mo ní, “Mo gbọ́, màmá. Ẹ ṣeun.”

Ìyá náà ti papò dà. Fóònù tí mo fi gba ohùn rẹ̀ ti bàjẹ́. Ohùn rẹ̀ kò sí níbòmíràn mọ́ àfi nínú hard disk tí ẹnjiníà mú dání yìí, àti nínú SSD tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ da ẹ̀dà rẹ̀ sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń pa òwe: ta ló ni ìṣẹ́jú mọ́kànlá yẹn?

Ẹlòmíràn á ní, “Kí ló le nínú ìyẹn? Pa á rẹ́ kó o tó tà á.” Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́. Bí alábòójútó bá fa orúkọ ẹnì kan yọ nínú ìwé rẹ̀, yàrá ẹni náà ti ṣófo nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni náà ṣì sùn sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, àwo ìjẹun rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, títí di ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ẹlòmíràn wọ ibẹ̀. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe lórí hard disk àtijọ́ nígbà tí a bá tẹ delete nìyẹn: orúkọ ló ń fà yọ nínú ìwé. Fáìlì fúnra rẹ̀ ṣì wà lórí àwo títí ohun mìíràn yóò fi bọ́ sórí rẹ̀. Format kíákíá tí wọ́n ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù náà kò ju pé kí wọ́n fún alábòójútó ní ìwé tuntun tí kò sí orúkọ kankan nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ètò tó ń wá fáìlì tó sọnù lè lọ kan ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ọ̀kan.

Èmi fúnra mi ti fojú rí i. Nígbà tí àìsàn hard disk náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà bá mi fi irú ètò bẹ́ẹ̀ wá ewì kan tó dàwátì. Orúkọ fáìlì bẹ̀rẹ̀ sí jáde tí n kò mọ̀ rí: lẹ́tà sí dókítà, ìṣirò owó orí, àwòrán ọjọ́ ìbí ọmọ kan. Ẹni tó ni laptop náà lókè òkun kó tó di tèmi ló ni wọ́n. Ó dá mi lójú pé ó rò pé òun ti pa wọ́n rẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní, “Jẹ́ ká ṣí ọ̀kan wò. Ṣebí ìwọ lo ra laptop?” Mo ní kó pa ètò náà. Òwe kan náà nìyẹn, àbí ẹ ò rí i? Ó kàn wọ aṣọ mìíràn ni.

Kì í sì í ṣe laptop tèmi nìkan. Ní ọdún 2003, Simson Garfinkel àti Abhi Shelat, tí wọ́n wà ní MIT ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde. Hard disk àlòkù 158 ni wọ́n rà. 129 ló ṣiṣẹ́ nínú wọn, nínú 129 yẹn, 12 péré ni wọ́n nù mọ́ bó ṣe yẹ. Nọ́ńbà káàdì ìsanwó tí wọ́n rí lórí àwọn yòókù lé ní 5,000. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network wá sí Èkó, wọ́n dé ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà. Nínú ìwé tí wọ́n kọ lẹ́yìn náà, wọ́n ní nǹkan bí kọ̀ńtéénà 500 ẹ̀rọ àlòkù ló ń gba èbúté Èkó wọlé lóṣooṣù nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú ohun tó wà nínú wọn kò sì wúlò mọ́. Wọ́n ra hard disk díẹ̀ nínú wọn, wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn tó kọ́kọ́ lò ó níbẹ̀. Ní ọdún 2009 àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìròyìn láti Kánádà ra hard disk kan ní Tema ní Gánà ní 40 dọ́là. Ìwé àdéhùn iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Northrop Grumman pẹ̀lú ìjọba Amẹ́ríkà ló wà nínú rẹ̀. Bí àṣírí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ohun ìjà bá lè dé orí igbá ní Tema, kí ló fẹ́ dí ohùn ìyá arúgbó Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́wọ́ láti dé ibikíbi?

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣe òdodo fún òwe náà, nítorí pé ó ní ẹsẹ̀ tó fi dúró. Bí a bá ní kí gbogbo ẹni tó ní hard disk àtijọ́ fi òòlù fọ́ ọ, ta ni ìyà rẹ̀ máa jẹ? Àwa ni. Àwọn laptop kan ń dé láti òkè òkun láìsí hard disk nínú wọn rárá, nítorí pé àwọn tó ni wọ́n bẹ̀rù àṣírí wọn. Ẹni tó bá rà á yóò tún sanwó mìíràn. Ohun tí ẹnjiníà yẹn ń ṣe, tó ń yọ lára òkú fi wo aláìsàn, òun ló jẹ́ kí ọmọ tálákà ní kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá sì fọ́ ohun tó ṣì wúlò, ó ti fi ìdọ̀tí kún ilẹ̀, ó sì ti gba oúnjẹ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mi ò lè bá ẹnikẹ́ni jà pé irin kì í ṣe tẹni tó rà á. Tirẹ̀ ni.

Ibi tí mo ti yà kúrò lẹ́yìn òwe náà ni pé mo gbà pé ó ṣi ẹni tó ń ru ẹrù mọ̀. Hard disk kì í ṣe ẹrú. Alábàárù ni. Ẹ lọ sọ́jà lọ́jọ́ ọjà. Ẹ ó rí alábàárù tó ru gàárì ìyá kan, ata ìyá mìíràn, àti ẹja ẹni kẹta pọ̀ lórí kan ṣoṣo. Ẹ sanwó fún un, ó bá yín ru ẹrù. Ṣé owó tí ẹ san fún un ti sọ ata onítọ̀hún di tiyín? Bí ẹlòmíràn bá sì wá pè é pé kó wá ru tòun, ohun tí ọmọlúàbí yóò kọ́kọ́ sọ ni pé, “Lọ sọ ẹrù àwọn ẹlẹ́rù kalẹ̀ ná.” Kò sẹ́ni tí yóò ta alábàárù pẹ̀lú ẹrù ẹlẹ́rù lórí rẹ̀ kó wá ní ẹni tó lẹrú ló lẹrù.

Àti pé, ayé òwò ẹrú ni òwe náà ti jáde wá, nígbà tí wọ́n ka èèyàn mọ́ ohun ìní. A ti kọ apá àkọ́kọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè lẹrú mọ́. N kò rí ìdí tí a fi di apá kejì mú bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa tó pa á pàápàá mọ ìyàtọ̀ láàrin ohun ìní àti ohun ìfipamọ́. Bí aládùúgbò bá fi ewúrẹ́ rẹ̀ sí ọ lọ́wọ́ lọ sí oko, tó o sì ta ilé rẹ, o kò ta ewúrẹ́ náà mọ́ ilé. Ohun tí ìyá yẹn fi sí mi lọ́wọ́, ohun ìfipamọ́ ni. Owó tí mo fi ra laptop kò kan án rárá.

Òwe mìíràn ló wá ràn mí lọ́wọ́: ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìkìlọ̀ la máa ń fi òwe yìí ṣe, pé kéèyàn ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yí i wò lódìkejì. Láyé tí kò sí ẹ̀rọ, fífọ́ tí ohùn ń fọ́ yẹn, àánú wà nínú rẹ̀. Èèyàn lè sọ ìbànújẹ́ rẹ̀ fún ẹnì kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó sunkún, kí ohùn náà balẹ̀, kó fọ́, kí ilẹ̀ fà á mu, kí ọkàn sì fúyẹ́. Ìdí tí a fi lè sọ ọ́ ni pé a mọ̀ pé kò ní dúró. Ẹ̀rọ ni kò jẹ́ kí ẹyin balẹ̀ mọ́. Ó hán an. Ìyá yẹn sì rí i pé ẹ̀rọ ń hán ohùn òun, ìdí nìyẹn tó fi pín in sí méjì: orin, ẹ gbé e, ìtàn, ẹ jẹ́ kó balẹ̀.

Mo sọ èyí fún ẹnì kan nínú kíláàsì wa, ó bínú sí mi gan-an. Ó ní, “Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá! Ojoojúmọ́ là ń ké pé àwọn àgbà ń lọ, pé ohun tí wọ́n mọ̀ ń bá wọn lọ. Ìwọ wá rí èyí tó kù sílẹ̀, o fẹ́ fọwọ́ ara rẹ pa á rẹ́? Kí lo máa sọ fún ọmọ ọmọ rẹ̀ tó bá wá béèrè lọ́la?” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta rò ó. Ìdáhùn tí mo rí ni pé ìmọ̀ yàtọ̀ sí àṣírí. Orin mẹ́fà yẹn, ìmọ̀ ni. Wọ́n kọ ọ́ fún un nígbà tó wà lọ́mọdé, òun náà fẹ́ kó kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, bó bá parun sí mi lọ́wọ́, mo jẹ gbèsè. Ìtàn yẹn kì í ṣe tàṣà, kì í ṣe tìlú. Tirẹ̀ ni. Bó bá fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́ ọ, inú ilé kan náà ni wọ́n jọ gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èmi àjèjì ló sọ ọ́ fún, bóyá nítorí pé àjèjì yóò lọ. Ikú rẹ̀ kò sì fún mi láṣẹ tí kò fún mi nígbà tó wà láyé. Bí òkú kò bá lè sọ pé rárá mọ́, rárá tó sọ kẹ́yìn ló ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Nítorí náà, ohun tí mo ṣe nìyí. Mo da orin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí ibi méjì, inú laptop àti inú flash kan, mo sì gbé ẹ̀dà kẹta lọ fún àwọn ọmọ ìyá náà ní Òkè-Àgbò. Mo gé ìtàn náà kúrò kí n tó da ohunkóhun síbikíbi, mo sì yọ ọ́ nínú laptop. Lẹ́yìn náà mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo bẹ ẹnjiníà pé kó so hard disk náà mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀, kó fún mi láyè kí n fi ètò tó ń kọ òdo bo gbogbo àwo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó lé ní wákàtí kan dáadáa. Iná lọ nígbà kan, jẹnẹrétọ̀ ló sì fi bá mi parí rẹ̀. Ó ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín: “Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá department yìí, ẹ le o!” Nígbà tó parí, mo fún un ní hard disk náà, ó yọ 4,000 náírà mi. Mo gbà á láìní ohun kankan lọ́kàn. Alábàárù ti sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lè pè é báyìí.

Ẹ̀yin náà tí ẹ fẹ́ pààrọ̀ tiyín, tàbí tí ẹ fẹ́ ta fóònù àtijọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Lórí hard disk oníyíyí tòde òní, kíkọ òdo bo gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti tó. Ohun tí àjọ NIST ti ìjọba Amẹ́ríkà sọ nínú ìlànà rẹ̀ ti ọdún 2014 nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ ṣe é nígbà méje. SSD kò rí bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń pín ibi tó ń kọ nǹkan sí, nítorí náà ohun tí ẹ kọ bò ó lè máà bọ́ sórí èyí tí ẹ fẹ́ bò. Ẹ lo àṣẹ ìnùmọ́ tí àwọn tó ṣe é fi sínú rẹ̀, tàbí kí ẹ ti fi kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ aṣínà tì í láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á. Ti ìyá yẹn tí mo yọ nínú SSD tèmi náà, àṣẹ yẹn ni mo lò fún un: mo kó ohun tó kù jáde, mo nù ún mọ́, mo dà wọ́n padà. Ilẹ̀ Nàìjíríà náà ti ní òfin tó dáàbò bo ọ̀rọ̀ nípa ẹni láti ọdún 2023. Ṣùgbọ́n òfin kò sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá yẹn ń sọ̀rọ̀. Èmi nìkan ló wà níbẹ̀.

Èrò tèmi nìyẹn. Ẹni tó bá rò pé n kò tọ̀nà, tó sì gbà pé ẹni tó lẹrú ló lẹrù ní tòótọ́, kó kọ tirẹ̀ wá fún ẹ̀dà tó ń bọ̀. Mo ṣe tán láti kà á.